Ọkọ̀ Pupa Tí Mo Tọ́jú fún Olóyè

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá bá mi níwájú ilé ní Bárígà, tí ẹ ń bèèrè bóyá kí ẹ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, n kò ní dá yín lóhùn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ náà ni màá sọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá korò lẹ́nu mi, ẹ fara dà á. Ẹni tó jẹ orógbó kì í pọ́n ètè lá bí ẹni tó lá oyin.

Múfútáù lorúkọ mi. Ìjẹ̀bú-Igbó ni àwọn òbí mi ti wá sí Ṣómólú, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, tí agbára kò gbé e kí n tẹ̀síwájú, bàbá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Oyèníran ní Bárígà. Ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ lórí owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọn kò sọ ọ́ lójú mi. Ohun tí mo rántí ni pé ọ̀gá yìí ní kí n na ọwọ́, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni ń yẹ iṣu wò, ó ní, "Ọwọ́ yìí rọ̀ jù. Irin á kọ́ ọ lọ́gbọ́n."

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀gá Oyèníran, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń lọ. Orin ìsìn ló máa ń kọ lábẹ́ ọkọ̀. Bí orin bá dákẹ́ lójijì, gbogbo àwa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, kálukú á máa wá ibi tó máa sá sí. Kì í pariwo. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi ń bá èèyàn wí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì máa ta èèyàn lára títí dọjọ́ kejì.

Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà. Kẹrosíìnì ló gbé lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa fi fọ irin. Bí mo bá fọ̀ wọ́n tán, á ní kí n dijú, á máa fi wọ́n sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí n pè wọ́n lórúkọ. Bí mo bá ṣi ọ̀kan pè, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó tan ọkọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí n fetí sí wọn, kí n sọ èyí tó ń ṣàìsàn. Mo sọ ọ́, mo ṣì í. Ó ní, "Padà síbẹ̀. Má jẹun títí wàá fi gbọ́ ohun tó ń sọ." Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ: ikọ́ kékeré kan, bí ẹni tí itọ́ há sí lọ́fun, nínú ọkọ̀ àárín. Mo sáré lọ sọ fún un. Kò yìn mí. Ó kàn ní, "Ó dáa, lọ jẹun." Ebi ti kú nínú mi nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nǹkan kan ti wọlé sí mi lára tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà mọ́.

Inú ọgbà Ọ̀gá Oyèníran ni mo ti kọ́kọ́ rí ọkọ̀ pupa yẹn. Ẹni tó ni ín ni Akínbọ̀dé, tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé nílùú Òyìnbó, tó padà dé wá dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Ṣómólú. Kò tíì joyè nígbà náà, "Bọ̀ọ̀dá Akin" làwa ń pè é. Inú ọkọ̀ ojú omi ló gbé mọ́tò náà wá. Ọkọ̀ eré ni, ilẹ̀kùn méjì, imú gígùn gbọọrọ, kò ní òrùlé àfi aṣọ tí wọ́n ń ká sẹ́yìn. Bí ó bá kọjá ní Ìgbóbì, àwọn télọ̀ á dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Ọ̀gá mi fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn bí ẹni fẹ́ràn ọmọ. Kábúrétọ̀ méjì ló wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀, àwọn ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún un, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ máa mí bákan náà. Ọ̀gá kọ́ mi pé kí n fi ẹnu kan rọ́bà oníhò sí ẹnu kábúrétọ̀, kí n fi ẹnu kejì sí etí mi, kí n gbọ́ èémí ọ̀kan, kí n gbọ́ ti èkejì, kí n máa yí súkúrù wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi bára dọ́gba. Nínú gbogbo wa tó wà lábẹ́ rẹ̀, èmi nìkan ló kọ́ ìyẹn dójú àmì.

Mo gba fírídọ́ọ̀mù, n kò lọ. Nígbà tí àgbà dé sí Ọ̀gá, tí ẹsẹ̀ kan kò gbé e dáadáa mọ́, ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó fi ọgbà sílẹ̀ fún mi. Ó fi ìtọ́jú ọkọ̀ pupa náà sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nípa rẹ̀ ni pé, "Mufu, má jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án." N kò mọ̀ pé ẹrù ni ó gbé lé mi lórí.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹnì kan sí i. Kàsálì ni. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, rewáyà ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì mi ni tirẹ̀ wà. A jọ ń kírun, a jọ ń jẹun, a jọ ń bú àwọn oníbàárà tó bá ti lọ tán. Kò sí wáyà tó tínrín tí ojú Kàsálì kì í rí.

Bí Èkó ṣe ń kún, bẹ́ẹ̀ ni ayé ọkọ̀ pupa náà ń dínkù. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún òtútù àti ọ̀nà tó dá páro ni. Ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i nímú. Bí ẹ bá dá a dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní ọ̀nà Ìkòròdú lọ́sàn-án gangan, epo á hó nínú páìpù kó tó dé ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ á wúkọ́, á gbọ̀n, á kú. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Olóyè Akínbọ̀dé náà kò gbà pé ọkọ̀ òun ti darúgbó. Ó ti joyè nígbà yìí, ó ti ní ọkọ̀ mìíràn, síbẹ̀ bí ó bá ti fẹ́ kí èèyàn wo òun, pupa yẹn ni yóò gbé jáde. Tó bá ti kú sójú ọ̀nà, yóò rán ẹnì kan sí mi.

Èmi á wá gbé àpótí irinṣẹ́ lérí, màá gun ọ̀kadà, ọ̀kadà náà á dé ibi tí kò lè kọjá mọ́, màá sọ̀ kalẹ̀, màá máa fẹ̀gbẹ́ rìn láàrin mọ́tò. Kí n tó rí i ni màá ti máa gbọ́ èébú tí wọ́n ń bú u.

"Bàbá, ẹ gbé pósí yín kúrò lọ́nà!"

"Ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù!"

Olóyè á jókòó sínú rẹ̀, awò dúdú lójú, fìlà gbè sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni pé wọn ò bá òun wí. Kì í sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá dé, kò ní kí mi. "Mufu, kí ló tún ṣe é?" ni yóò sọ, bíi pé èmi ni mo wà á wá síbẹ̀. Màá ra píọ̀ wọ́tà tútù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á láàrin ọkọ̀, màá fi àkísà wé páìpù epo, màá máa da omi lé e lórí. Oòrùn á máa jó mi lẹ́yìn, ẹ́ńjìnì á máa jó mi níwájú. Àwọn onímọ́tò tó wà lẹ́yìn wa á tẹ fèrè mọ́ mi létí títí n kò fi ní gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnì náà ń sọ. Tó bá jí tán, Olóyè á já gíà sí i, á lọ. Màá fẹsẹ̀ rìn padà pẹ̀lú àpótí mi.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rò pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni. Onípàánù, Fadéyí, Obaníkòro, kò sí ibi tí n kò ti kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀ yẹn. Àwọn oníbàárà mìíràn á wá sí ọgbà, wọn ò ní bá mi, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ìyàwó mi, Sílífá, bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Baba Ràṣídà, èwo gan-an nìyàwó yín nínú èmi àti mọ́tò Olóyè?" Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ayé iṣẹ́ wa náà sì ń yí padà. Àwọn tòkunbọ̀ dé, ọkọ̀ tí kò ní kábúrétọ̀ rárá, tí kọ̀ǹpútà ló ń pín epo fún un. Irinṣẹ́ kékeré kan dé tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíà, tó ń kọ àìsàn ọkọ̀ sójú gíláàsì rẹ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rà á. Èmi náà lò ó, n kì í ṣe òpè. Ṣùgbọ́n etí tí mo fi ebi kọ́ kò wúlò fún un. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó ń bá etí yẹn sọ̀rọ̀, ọkọ̀ pupa yẹn náà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ránṣẹ́. Mò ń bú u, mo sì ń lọ.

Báyìí la ṣe wà tí àwọn ṣọ́jà fi gbé ìjọba kalẹ̀, tí alágbádá padà dé. Gbogbo ẹni tó lówó ló fẹ́ dupò. Olóyè Akínbọ̀dé náà dìde. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́, n kò ní dárúkọ ipò. Ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ tẹ fọ́tò rẹ̀ jáde lọ́sàn-án lóru, kò sí ògiri ní Pẹ́drò tí kò ti ń rẹ́rìn-ín sí wa.

Lákòókò yẹn gan-an ni àwọn kan wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ṣẹ́ẹ̀dì wa. Wọ́n ní ilẹ̀ ìjọba ni, pé kí a palẹ̀ mọ́. Jìnnìjìnnì bo gbogbo wa. A tó ogójì tó ń jẹun nínú ọgbà yẹn, mẹkáníìkì, rewáyà, àwọn tó ń lu ara ọkọ̀, àwọn tó ń kun ọ̀dà, ìyá tó ń se ìrẹsì fún wa. A ní ta ni a mọ̀? Èmi ni mo dáhùn pé a mọ Olóyè.

Ó wá sí ọgbà fúnra rẹ̀. Ó dúró sórí táyà kan, ó wò wá yíká. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, níwájú yín ni mo ṣe di àgbà. Bí mo bá dé ibẹ̀, katapílà kankan kò ní fẹnu kan ọgbà yìí. Àdéhùn ni." A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Lẹ́yìn náà ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mufu, Sátidé la máa yí àdúgbò ká. Ọkọ̀ pupa ni mo fẹ́ gùn. Màá dúró nínú rẹ̀, kí gbogbo ayé rí mi."

Mo ní, "Olóyè, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká gbà á rò. Ìrìn ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ yóò máa rìn láàrin èrò. Kò ní lè mí. Ẹ gun jíìpù."

"Ta ni yóò wo jíìpù? Gbogbo wọn ló ní jíìpù."

"Yóò gbóná, Olóyè. Yóò kú sáàrin ọ̀nà."

Ó fọwọ́ lé mi léjìká. "Ìwọ ni wàá wà á. Tí ìwọ bá wà nídìí rẹ̀, kò lè kú. Àbí o kò fẹ́ kí n dé ibẹ̀ ni?"

Ojú ogójì èèyàn wà lára mi. Mo fọ rédíétọ̀, mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà, mo tún fi fáànù kejì sí i, Kàsálì ló so iná rẹ̀. Ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà bí wáyà kankan bá já.

Láti Obaníkòro la ti gbéra. Èrò pọ̀, gbohùngbohùn ń ké, àwọn ọmọ ìta ń fò sókè sódò níwájú wa. Olóyè dúró sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, agbádá funfun, ó ń juwọ́. Ẹsẹ̀ òsì mi kò kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ojú mi kò kúrò lára ọwọ́ kékeré tó ń sọ bí omi ṣe gbóná tó. A kọjá Ṣómólú, ọwọ́ náà wà láàrin. A já sí Pẹ́drò, ọ̀nà há, mọ́tò àwọn ẹlòmíì ti dí iwájú, èrò sì dí ẹ̀yìn. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Olóyè, ẹ jẹ́ ká pa á díẹ̀ kó tutù."

Kò wo ilẹ̀. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń juwọ́ sí àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. "Máa lọ."

"Ó ti fẹ́ dé orí pupa."

"Mo ní máa lọ! Ibi táwọn alátakò wa pọ̀ sí nìyí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Mo ń lọ. Mo gbọ́ ikọ́ àkọ́kọ́, mo gbọ́ èkejì. Ọkọ̀ náà gbọ̀n jìgìjìgì, ó kú. Èéfín funfun yọ lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀rín bú jáde láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan dé èkejì. "Ọkọ̀ yín ti kú o! Ìjọba yín ti kú kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀!" Àwọn kan ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lù wá.

Mo sọ̀ kalẹ̀, Kàsálì ti ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Mo pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀, pé kó kọ́kọ́ sinmi. Olóyè tẹ̀ síwájú láti orí àga, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ké sí olórí àwọn ọmọ ìta tó ń tẹ̀ lé wa, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sàká: "Ẹ bá mi bu omi sí i, kíá! Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì yìí fi àsìkò mi ṣòfò!"

Sàká bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi di ìdérí náà mú. Kàsálì tẹ orí sílẹ̀ nídìí fáànù, ó ń yẹ wáyà wò. Mo sáré, mo na ọwọ́, ọwọ́ mi kò tó o. Ìdérí náà fò. Omi tó ń hó ru sókè bí ẹni pé wọ́n tú u jáde láti ọ̀run àpáàdì, ó bo Kàsálì lójú.

N kò lè sọ igbe tó ké fún yín. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ó ṣubú, ó ń yí nílẹ̀. Mo fi ẹ̀wù mi bò ó, mo ń pariwo omi tútù, omi tútù. Nígbà tí mo gbójú sókè láti sọ fún Olóyè pé kó fún wa ní ọkọ̀ kan ká fi gbé e lọ sọ́sípítù, mo rí ẹ̀yìn agbádá rẹ̀. Ó ń gun jíìpù tó wà níwájú. Wọ́n ràn án lọ́wọ́, ó gòkè, ó yí ojú sí èrò, ó gbé ọwọ́ sókè. Gbohùngbohùn tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lọ.

Ọkọ̀ pupa ti dí ọ̀nà, èrò Olóyè ti dí èyí tó kù. Kò sí mọ́tò tó lè rìn, ọ̀kadà gan-an kò ráyè. Mo pọn Kàsálì sẹ́yìn, mo ń gba àárín mọ́tò kọjá, ó ń sọ létí mi pé, "Mufu, n kò ríran. Ṣé ọ̀sán ni? Ṣé ọ̀sán ṣì ni?" Mo ń sọ fún un pé ọ̀sán ni, kó má lajú. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì fi aṣọ tútù lé e lójú, ó sì bá wa rìn jìnnà. Nígbà tí a fi dé ọ́sípítù, nọ́ọ̀sì tó gbà wá kọ́kọ́ bèèrè ìdí tí a fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ojú ọ̀tún Kàsálì fọ́. Ti òsì kù díẹ̀, ó ń rí òjìji, ó ń rí ìmọ́lẹ̀, kò lè rí wáyà.

Olóyè wọlé ìbò. Ó wọlé láìka ẹ̀rín Pẹ́drò sí. Ní ọjọ́ tó gba ipò, ó rántí Kàsálì. Ó fi kàlẹ́ńdà tuntun ránṣẹ́ sí i, fọ́tò ara rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, wọ́n kọ "Ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì mí" sí ìsàlẹ̀. Ìyàwó Kàsálì ló kà á fún un. Kàsálì fi ìka ra ojú bébà náà títí, ó ní, "Ṣé bébà tó dáa ni?" Ìyàwó rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Fi pọ́n ẹ̀kọ." Kò pẹ́ tí ó kó ẹrù padà sí Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí mo sìn ín dé ibùdókọ̀, ó ní, "Pátápátá ni à á fọ́jú, Mufu. Ojú tí kò fọ́ tán, ìjà ló ń dá sílẹ̀."

Katapílà dé ọgbà wa láàárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ló ṣíwájú rẹ̀. A fi àdéhùn Olóyè bẹ̀ wọ́n, ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta lẹ rò pé ó ní ká wá?" Mo dúró, mo ń wò ó. Ó wó ṣẹ́ẹ̀dì Kàsálì, ó wó tèmi. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n kó irinṣẹ́ Ọ̀gá Oyèníran jáde, wọn ò gbọ́. Irin ń ké lábẹ́ irin. Ìyá tó ń se ìrẹsì fún wa jókòó sórí ìkòkò rẹ̀ láàrin ọ̀nà, ó ń sunkún. Mo lọ sí ọ́fíìsì Olóyè, mo jókòó láti òwúrọ̀, wọ́n ní ó wà nípàdé. Mo tún lọ, wọ́n ní ó ti rìnrìn-àjò. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ilé ìtajà ni wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń gba owó ilé rẹ̀, gbogbo Bárígà ló mọ̀ ọ́n.

Fóònù alágbèéká ti dé nígbà náà. Mò ń fi irinṣẹ́ tí mo yá tún ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tí tèmi dún.

"Mufu! Akínbọ̀dé ni. Mo wà ní Obaníkòro, lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ọkọ̀ pupa ti kú. Gbogbo wọn ń tẹ fèrè mọ́ mi. Tètè máa bọ̀."

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mo fi lọ. N kò mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi.

Mo bá a nínú oòrùn, mọ́tò tò láti Obaníkòro dé ibi tí ojú kò lè rí. Òógùn bò ó. Ó ti sanra, irun ti funfun, awò dúdú wà lójú rẹ̀ síbẹ̀. Ó rí mi, ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun. Wò ó, ó kàn ń gbọ̀n ni, ó wá kú."

Mo ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Òórùn epo gbà mí nímú, mo ti mọ ohun tó ṣe é kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo dúró, mo ń wo ẹ́ńjìnì tí Ọ̀gá mi kọ́ mi lórí rẹ̀. Mo rántí Kàsálì lẹ́yìn mi, tó ń bi mí bóyá ọ̀sán ni. Mo rọra pa bọ́ńẹ́ẹ̀tì dé.

"Ó ti tán?"

Mo ní, "Olóyè, irinṣẹ́ tí mo fi ń tún un ṣe wà lábẹ́ ilé ìtajà yín."

Ó bọ́ awò rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó bọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ó la ẹnu, fèrè tó ń dún lẹ́yìn bo ohun tó sọ. Mo yí padà. Ó ń pe orúkọ mi, "Mufu! Mufu, kí ló dé? Ọ̀rọ̀ la máa sọ!" N kò wẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bú u pé kó gbé pósí rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Mo rò pé yóò dùn mọ́ mi. Kò dùn. Títí mo fi délé, ọwọ́ mi ń yún mi.

N kò ṣiṣẹ́ pẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìrora ẹ̀yìn dé, ikọ́ dé, àwọn ọmọ mi ní kí n jókòó. Wọ́n ní ọkọ̀ pupa náà jẹrà sínú ọgbà Olóyè, òjò ń rọ̀ sínú rẹ̀, nígbà tó yá wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ wá ọ̀gá tó le. Irinṣẹ́ ayé òde òní, ẹ kọ́ ọ dáadáa, ẹ má fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ bíi tèmi. Àmọ́ kí ẹ tó tẹ́ irinṣẹ́ sílẹ̀ níbikíbi, ẹ wádìí ẹni tó ni ilẹ̀ náà. Bí olówó bá sì ṣe àdéhùn fún yín, ẹ jẹ́ kó ṣe é lójú adájọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ kí Kàsálì. Ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó mọ̀ mí nípa ẹsẹ̀ kí n tó fọhùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí Olóyè ṣe pè mí, bí mo ṣe ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un, bí mo ṣe lọ. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Kí ló ṣe ọkọ̀ náà gan-an?"

Mo ní, "Abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ iwájú ló há. Epo ń kún un lẹ́nu."

"Kí èèyàn ṣáà fi ìdí súkúdiráfà gbá a díẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Á jí lójú ẹsẹ̀."

"Mo mọ̀, Kàsálì."

Ó yí ojú tó kù sí ibi tí ohùn mi wà. Ó ní, "Ká gbà pé Olóyè ṣẹ̀ ọ́. Kí ni ọkọ̀ ṣẹ̀ ọ́?"